Ẹ̀TỌ́ ALÁDÙÚGBÒ TÓ WÀ LẸ́YÌN GÉÈTÌ

     

Ọ̀rọ̀ tí a mú wá lónìí dá lórí ẹ̀tọ́ aládùúgbò. Nínú Súrà Nísáì, aya 36, Ọlọ́hun pa á láṣẹ pé kí á ṣe dáadáa sí òbí, ìbátan, ọmọ òrukàn àti aláìní. Lẹ́yìn náà Ó dárúkọ aládùúgbò tó súnmọ́ni àti èyí tó jìnnà. Ó ti tó ẹ̀kọ́. Ṣùgbọ́n ní ìlú bí Èkó lónìí, ta ni aládùúgbò ẹni tó ń gbé inú ẹ́sítéètì tí wọ́n mọ ògiri yí ká, tí wọ́n fi géètì sí, tí wọ́n fi ọlọ́dẹ ṣọ́? Ìbéèrè wa nìyẹn.

Àwọn bàbá wa náà mọ odi. Ìbàdàn ní odi, Abẹ́òkúta ní odi, oníbodè sì wà lẹ́nu ọ̀nà. Ṣùgbọ́n ẹ wo ohun tí odi yẹn yí ká. Ọba wà nínú rẹ̀, alágbẹ̀dẹ wà nínú rẹ̀, olówó àti ìwọ̀fà rẹ̀ jọ wà níbẹ̀. Bí ogun bá dé, gbogbo wọn ni odi ń dáàbò bò. Odi tòde òní kò yí ìlú ká mọ́. Àárín ìlú ló gbà kọjá, ó ń ya ará ìlú kúrò lára ará ìlú.

Báwo ló ṣe bẹ̀rẹ̀? Nígbà ìjọba òyìnbó, wọ́n ya Ìkòyí sọ́tọ̀ fún àwọn aláwọ̀ funfun. Òmìnira dé ní 1960, òyìnbó ń lọ, àwọn ọ̀gá ìjọba àti olówó wa bọ́ sínú ilé wọn. Nígbà tó yá, tí adigunjalè kò jẹ́ ká sùn, àwọn onílé dá owó jọ, wọ́n fi géètì onírin sí ẹnu àdúgbò. A kò bá wọn wí. Ẹ̀sìn wa kò ní kí á ṣílẹ̀kùn sílẹ̀ fún olè. Ṣùgbọ́n ohun tó bẹ̀rẹ̀ bí ààbò ti di ọjà títà. Ní Victoria Garden City, ní Lekki, ní Banana Island tí wọ́n fi iyanrìn dí omi kọ́, kì í ṣe ilé nìkan ni ènìyàn ń rà. Ó ń ra kí ojú òun má rí òṣì.

Òṣì tí a kò fẹ́ rí yìí, a máa ń lé e kúrò nígbà mìíràn. Ní oṣù Keje 1990, ìjọba ológun ìpínlẹ̀ Èkó wó Màrókò, lẹ́bàá Victoria Island. Ọjọ́ méje péré ni wọ́n fi kìlọ̀. Nǹkan bí 300,000 ènìyàn ló di aláìnílé. Wọ́n ní ilẹ̀ ibẹ̀ kò dára fún ènìyàn láti gbé, wọ́n ní omi yóò bò ó. Lónìí, ilé olówó ńlá ló wà lórí ilẹ̀ yẹn. Láàárín 2016 sí 2017, wọ́n tún lé àwọn apẹja Otodo-Gbame kúrò létí ọ̀sà ní Lekki, nǹkan bí 30,000 ènìyàn. Ilé ẹjọ́ gíga ti Èkó sọ ní oṣù Kẹfà 2017 pé kí á lé ènìyàn láìpèsè ibòmíràn fún un lòdì sí òfin orílẹ̀-èdè.

Ẹ tún wo ti omi. Bí olówó bá gbẹ́ kànga ẹ̀rọ, tó ra jẹnẹrétọ̀, tó tún títì ara rẹ̀ ṣe, kí ló kàn án mọ́ bí omi ìjọba kò bá yọ lóde? Ẹnu tí ìjọba ń gbọ́ ti dákẹ́ nìyẹn. Ẹni tó wà lóde ń ra omi ní kẹ́ẹ̀gì kọ̀ọ̀kan lọ́wọ́ mẹ́ruwà, owó rẹ̀ sì ju ti omi ẹ̀rọ lọ. Aláìní wá ń ra omi wọ́n ju olówó lọ!

Ta ló sì ń dáná nínú ẹ́sítéètì? Ta ló ń fọṣọ, ta ló ń ṣọ́ géètì? Àwọn tó ń ti Ìkòròdú àti Mowe bọ̀ ni, tí wọ́n ń kúrò nílé bí wọ́n bá ti jẹ sààrì tán. Níbòmíràn, wọ́n á tú báàgì wọn wò kí wọ́n tó jáde. Obìnrin tó se ọbẹ̀ ìṣínu fún ọ̀gá rẹ̀, inú dáńfó lórí afárá Third Mainland ni òun ti ń fi píọ̀ wọ́tà ṣínu. Ẹ̀yin ará, ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ wà nínú ìkòkò wa, ṣé aládùúgbò wa kọ́?

Kí ni kí á ṣe? A kò ní kí ẹnikẹ́ni hú géètì rẹ̀ o. Èkíní, ẹ jẹ́ kí òṣìṣẹ́ yín tètè lọ, tàbí kí ó bá yín ṣínu. Ẹ san owó rẹ̀ kí Ìtúnu tó dé. Èkejì, bí ẹ bá fẹ́ yọ sàká, ẹ kọ́kọ́ bojú wẹ̀yìn ògiri yín. Ẹ̀kẹta, mọ́ṣáláṣí tó wà nínú ẹ́sítéètì, ẹ ṣí ọ̀nà rẹ̀ fún ará ìta nígbà àsámù àti Jímọ̀. Ẹ̀kẹrin, bí ẹ bá ń dá owó gọ́tà, ẹ jẹ́ kí gọ́tà náà kọjá géètì, nítorí àgbàrá kò mọ ọlọ́dẹ. Ẹ̀karùn-ún, bí wọ́n bá fẹ́ ta ilẹ̀ fún yín, ẹ bèèrè pé níbo ni àwọn tó ń gbé orí rẹ̀ tẹ́lẹ̀ wà.

Àgbà ní bí ará ilé ẹni bá ń jẹ kòkòrò búburú, tí a kò bá wí fún un, hẹ̀rẹ̀huru rẹ̀ kò ní jẹ́ ká sùn lóru. Kò sí ògiri tó ga tó láti dí ohùn ẹni tí ebi ń pa.

Kí Ọlọ́hun fi ìfẹ́ aládùúgbò sí wa lọ́kàn. Kí Ó pèsè ilé fún ẹni tí kò ní, kí Ó má sì jẹ́ kí ilé wa jẹ́rìí takò wá lọ́jọ́ ìkẹyìn. Àmín.