Àfòpiná Tó Ń Bí Kòkòrò Àgbàdo
Ọ̀rọ̀ tí a bá àwọn àgbẹ̀ wa sọ ní Ikpoba Hill, Ìbíní

Àwa tí a fi ilé sílẹ̀ wá dáko níhìn-ín mọ̀ pé owó àgbàdo ni a fi ń san owó ilẹ̀ àti owó ilé-ìwé àwọn ọmọ. Nítorí náà, ọ̀rọ̀ kòkòrò tó ń jẹ ẹ́ kì í ṣe ọ̀rọ̀ eré.

Fall Armyworm ni orúkọ rẹ̀. Ilẹ̀ Amẹ́ríkà ni ó ti wá. Ọdún 2016 ni a kọ́kọ́ rí i ní Áfíríkà, Nàìjíríà sì wà lára ibi tó kọ́kọ́ dé. Ẹ jẹ́ kí a mọ ìyá rẹ̀.

Àfòpiná ni ìyá rẹ̀, àwọ̀ rẹ̀ bí eérú. Bí ó bá na ìyẹ́ méjèèjì, kò ju sẹ̀ǹtímítà 4 lọ. Akọ ní àmì funfun ní ṣóńṣó ìyẹ́. Òru ni ó ń fò. Abo ń yé ẹyin 100 sí 200 pọ̀ lójú kan lára ewé, ó sì ń fi irun ara rẹ̀ bò wọ́n bí òwú.

Láàrin ọjọ́ 2 sí 3, ẹyin náà yóò pa. Àwọn ọmọ wẹ́wẹ́ yóò ha ewé títí yóò fi funfun, wọn yóò sì wọ àárín ewé tuntun lọ. Ẹ ó mọ̀ ọ́n: àmì bí lẹ́tà Y tí a dorí rẹ̀ kodò wà níwájú orí rẹ̀, ojúàmì dúdú mẹ́rin sì wà nítòsí ìdí rẹ̀, tí wọ́n tò bí igun àpótí. Lẹ́yìn bí ọ̀sẹ̀ 2 sí 3, yóò bọ́ sílẹ̀, yóò wọ inú ilẹ̀, yóò sì di àfòpiná. Bí oṣù kan ni gbogbo rẹ̀ ń gbà. Kí àgbàdo wa tó gbó, ọmọ-ọmọ rẹ̀ ti dé.

Kí ni ká ṣe? Ẹ jẹ́ ká tètè gbìn nígbà òjò àkọ́kọ́, kí gbogbo wa sì gbìn pọ̀. Oko tó pẹ́ ni kòkòrò oko tó ṣíwájú ń yà sí. Láti ìgbà tó bá ti hù, ẹ máa wo ewé lẹ́ẹ̀mejì lọ́sẹ̀. Ẹ fi ọwọ́ tẹ ẹyin rẹ̀ pa. Bí ẹ bá rí ìgbẹ́ rẹ̀ bí èérún igi láàrin ewé, ẹ ṣà á pa, tàbí kí ẹ da iyanrìn tàbí eérú sí i. Bí ó bá ti wọlé jinlẹ̀, oògùn kì í fi bẹ́ẹ̀ dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ mọ́, owó wa ni yóò ṣòfò.

Àfòpiná tó ní òun yóò pa fìtílà, ara rẹ̀ ni yóò pa. Ṣùgbọ́n bí a bá dúró kí fìtílà bá wa pa èyí, yóò ti yé ẹyin sí oko wa.