Bóòtù Inú Àwòrán àti Bóòtù Inú Irin

Ọ̀rọ̀ tí akọ̀wé ẹ̀ka bá àwọn ọmọ ẹgbẹ́ sọ ní ìpàdé oṣooṣù, ní Jọ́ọ̀sì

Ìgbìmọ̀ ní kí n sọ̀rọ̀ lórí iṣẹ́ mi. Ẹ mọ̀ pé bóòtù àti nọ́ọ̀tì ni mo ń tà, n kò sì kàwé kọjá ìwé mẹ́fà. Ṣùgbọ́n láti ìgbà tí àwọn ọmọ wa ti ń kọ́ bí a ti ń fi kọ̀ǹpútà ya àwòrán ẹ̀rọ, iwájú ìsọ̀ mi ni púpọ̀ nínú wọn ń gbà kọjá kí wọ́n tó lọ bá ẹni tí yóò gé irin náà fún wọn. Ohun tí mo ń rí nínú ìwé ọwọ́ wọn ni mo fẹ́ sọ, nítorí owó ń ṣòfò níbẹ̀.

Ẹni tí kò fojú sí i yóò rò pé eyín kan náà ni gbogbo bóòtù ní. Kò rí bẹ́ẹ̀ rárá. Ní Ìlú Ọba láyé àtijọ́, bí ó ti wu oníkálukú ni ó ń gé eyín bóòtù tirẹ̀, títí di 1841 tí Joseph Whitworth dábàá pé kí gbogbo wọn lo ìwọ̀n kan. Igun eyín tirẹ̀ jẹ́ dígírì 55. Ní 1864, William Sellers gbé tirẹ̀ jáde ní Amẹ́ríkà, dígírì 60. Bóòtù ààbọ̀ íǹṣì ti Whitworth ní eyín 12 nínú íǹṣì kan, ti Amẹ́ríkà ní 13. Nígbà ogun Hitler èyí fa ìyọnu púpọ̀, nítorí àwọn tí wọ́n jọ ń jagun pọ̀ kò lè lo bóòtù ara wọn. Ní 1948 ni Ìlú Ọba, Amẹ́ríkà àti Kánádà tó fẹnu kò sí ìwọ̀n kan. Ti mìlímítà, tí a ń kọ lẹ́tà M ṣíwájú rẹ̀, ni ó wọ́pọ̀ jù lọ lóde òní, ṣùgbọ́n ẹ̀rọ ògbólógbòó ṣì wà káàkiri tí bóòtù wọn jẹ́ ti íǹṣì.

Ó di ọ̀rọ̀ kọ̀ǹpútà wàyí. Ọ̀nà méjì ni a lè gbà ya eyín bóòtù níbẹ̀. Ní èkíní, kọ̀ǹpútà kò gé eyín kankan. Ọ̀pá gbọọrọ ni ó yà, ó wá lẹ àwòrán eyín mọ́ ọn lára bí ẹni lẹ bébà mọ́ ògiri. Bí Fusion ti máa ń ṣe é nìyẹn, àfi bí ẹ bá fọwọ́ tẹ ibi tí a kọ Modeled sí. SolidWorks ní tirẹ̀, ó ń pè é ní cosmetic thread. Ní ọ̀nà kejì, eyín náà di gígé ní tòótọ́, ó yí ọ̀pá ká láti ìsàlẹ̀ dé òkè bí okùn tí a wé mọ́ igi.

Àwọn ọ̀dọ́ rò pé ọ̀nà kejì ni ti ọ̀gá. Èmi kò gbà. Irin tí a fi ń gé eyín sínú ihò, táàpù, ti ní eyín tirẹ̀ lára kí ẹ tó gbé àwòrán dé. Kò ní wo tiyín. Bí ẹ bá sì gé eyín sára ọgọ́rùn-ún bóòtù nínú àwòrán ẹ̀rọ kan, kọ̀ǹpútà yóò máa wọ́ bí ìgbín. Ìgbà tí ẹ̀rọ tí ń fi ike tẹ nǹkan jáde bá ni yóò ṣe é nìkan ni eyín tòótọ́ di dandan, kí ẹ sì fi àyè díẹ̀ sílẹ̀ láàárín bóòtù àti nọ́ọ̀tì, kí ẹ tẹ kékeré kan wò ná.

Lórí bébà, ìlà nínípọn ni ó dúró fún òde eyín, ìlà tín-ín-rín fún ìsàlẹ̀ rẹ̀. Ìlà yìí kan náà ni fún eyín ńlá àti eyín wẹ́wẹ́. Ẹni tí ń gé irin kò lè fi ojú kà á níbẹ̀. Ohun tí ẹ bá kọ sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ni yóò gé.

Ní ọdún tó kọjá, ọmọ ẹgbẹ́ wa kan ya bóòtù fún ẹ̀rọ ìlọta. Àwòrán náà dára, ó mọ́ tónítóní. Ó kọ M10 sí i, ó sì dákẹ́. Bẹ́ẹ̀, ẹni tó bá kọ M10 lásán ti sọ pé àlàfo eyín sí eyín jẹ́ mìlímítà 1.5. Bẹ́ẹ̀ gan-an ni wọ́n gé e, bóòtù 24. Ihò ara ẹ̀rọ náà sì jẹ́ ti 1.25. Bóòtù wọlé bíi ẹ̀ẹ̀kan àbọ̀, ó há. Wọ́n fi sípánà fún un, eyín ihò bàjẹ́. Ìwọ̀n eku ni ìwọ̀n ìtẹ́. Ẹni tó gé e gba owó rẹ̀, ó sì tọ́ sí i, nítorí ohun tí ìwé sọ ni ó ṣe.

Ohun tó yẹ kí ó wà nínú ìwé náà ni M10 × 1.25, kí 6g tẹ̀lé e. Lẹ́tà kékeré wà fún bóòtù, lẹ́tà ńlá bí 6H fún nọ́ọ̀tì. Òun ni ó ń sọ àyè tí yóò wà láàárín wọn. Kí ẹ tún kọ ibi tí eyín gùn dé, nítorí kì í ṣe gbogbo bóòtù ni eyín rẹ̀ dé ọrùn.

Ti ihò tún wà, ibẹ̀ sì ni wọ́n ti ń ṣìnà jù. Bí ẹ bá ya ihò mìlímítà 10, tí ẹ kọ M10 sí i, tí wọ́n sì lu ú bẹ́ẹ̀, táàpù kò ní rí irin bù jẹ. Ẹ yọ àlàfo eyín kúrò nínú ìbú bóòtù: 10 dín 1.5, ó ku 8.5, ihò tí a óò kọ́kọ́ lu nìyẹn. Kí ihò tí kò yọ sí òdìkejì sì jìn ju ibi tí eyín dé lọ, nítorí ẹnu táàpù rí ṣóńṣó, kò lè gé eyín dé ìdí.

Bí ẹ bá fẹ́ mọ àlàfo eyín bóòtù àtijọ́, ẹ fi yíǹkì kùn ún, ẹ tẹ̀ ẹ́ mọ́ bébà, kí ẹ ka àlàfo mẹ́wàá, kí ẹ wọ̀n ọ́n. Bí ó bá jẹ́ mìlímítà 15, 1.5 ni, bí ó bá jẹ́ 12.5, 1.25 ni. Ti íǹṣì, iye eyín inú íǹṣì kan ni kí ẹ kà.

Bóòtù tí ń dè sí òsì ṣì kù, irú èyí tó wà ní ẹsẹ̀ òsì kẹ̀kẹ́ ológeere àti ara sílíńdà gáàsì. Ẹ kọ LH sí i. Bí ẹ kò bá kọ ọ́, ti ọ̀tún ni wọn yóò gé.

Irin olójú púpọ̀ tí a fi ń wọn eyín wà ní ìsọ̀ mi, ti mìlímítà àti ti íǹṣì. Ọmọ ẹgbẹ́ tó bá ń lọ gé irin lè mú bóòtù rẹ̀ wá wọ̀n kí ó tó lọ, n kò ní gba kọ́bọ̀. Ẹni tó bá ní ìbéèrè, kí ó nawọ́.