Ilé Tí A Ó Tún Padà Wò: Ọ̀rọ̀ Lórí Ewu Iná Nígbà Ọyẹ́

(Ọ̀rọ̀ tí àwa òṣìṣẹ́ ìgbáyé-gbádùn bá àwọn ará ìletò sọ ní ìpàdé ìbẹ̀rẹ̀ ọyẹ́)

   

Wọ́n sọ fún wa pé bí a bá ti ń bọ̀ lọ́nà tí a gbé ìwé dání, àwọn kan a máa wí pé, "Wolé-wolé tún dé o!" Ẹ̀rín pa wá nígbà tí a gbọ́. Àwọn àgbà inú yín rántí wolé-wolé ayé àtijọ́, tó ń yọjú wo ìkòkò omi bóyá tanwíjí wà nínú rẹ̀, tó sì ń pe ènìyàn lẹ́jọ́ sí kóòtù. A kì í ṣe irú ẹni bẹ́ẹ̀. A kò lè bu owó ìtanràn lé ẹnikẹ́ni, a kò sì ní agbára láti gba oko lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Ibi tí iná lè gbà wọlé ni à ń wá kiri. Ohun tí a fẹ́ sọ lónìí ni ìdí tí a fi ń yà sí ilé kan lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, tí a sì ń padà sí òmíràn lẹ́ẹ̀mejì tàbí lẹ́ẹ̀mẹ́ta, nítorí àwọn kan ti ń sọ pé ojúsàájú ni.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ jẹ́wọ́ ẹ̀bi tiwa. Ní ọyẹ́ kan tó kọjá, a wọ ilé baba kan ní ìlà kẹta. Ọ̀kadà rẹ̀ wà nínú yàrá, kẹ́ẹ̀gì bẹntiróòlù méjì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ẹbù iṣu wà ní igun, ilé ìdáná ìyàwó rẹ̀ sì wà lẹ́yìn ògiri náà gan-an, ilẹ̀kùn kan ló wà láàárín wọn. A ṣàlàyé fún baba. Baba ní, "Mo ti gbọ́, ẹ ṣé." A kọ "ó ti gbọ́" sínú ìwé wa, a sì kọjá lọ. A kò padà mọ́. Kò pé oṣù kan lẹ́yìn náà tí ọmọ wọn ọkùnrin ń rọ epo sínú ọ̀kadà lálẹ́, tí ìyá rẹ̀ ń dáná lọ́wọ́. Ọmọ náà kò mú iná dání rárá. Ṣùgbọ́n ooru bẹntiróòlù wúwo ju afẹ́fẹ́ lọ, ilẹ̀ ló máa ń ṣàn gbà bí omi. Ó gba abẹ́ ilẹ̀kùn lọ bá ààrò, iná sì tọ ipa rẹ̀ padà wá bá ọmọ. Ọmọ náà yè, àpá wà ní itan rẹ̀ méjèèjì. Ọ̀kadà jóná, ẹbù jóná. Ẹbù àyálò ni baba náà gbìn lọ́dún yẹn.

Nígbà tí a lọ kí wọn, a bi baba pé kí ló dé tí kò gbé epo náà kúrò. Kò bínú. Ó ní, "Ibo ni kí n gbé e sí? Wọ́n jí ọ̀kadà méjì ní ìlà wa láàárín oṣù kan. Bí mo bá gbé e síta, ilẹ̀ kò ní mọ́ bá a." Òótọ́ ni. Ká ní a ti padà lọ ní ọ̀sẹ̀ kejì, à bá ti gbọ́ ọ̀rọ̀ yìí kí iná tó dé. Ahéré páànù tó ní àgádágodo, tí ilé mẹ́rin jọ ń lò ní ìlà náà báyìí, ẹ̀yìn ìjàǹbá ni a kọ́ ọ.

Ọ̀rọ̀ bẹntiróòlù yìí kì í ṣe ti ìletò wa nìkan. Ẹ rántí Dikko, ní ìpínlẹ̀ Niger, ní ọjọ́ 18 oṣù Ṣẹẹrẹ, ọdún 2025. Ọkọ̀ epo dojú dé, àwọn ènìyàn ń gbọ́n epo, iná sì sọ. Àwọn tó kú lé ní 80.

Láti ìgbà tiwa yẹn, a kò kọ "ó ti gbọ́" mọ́. Ohun tí a bá ṣe lójú wa ni a ń kọ. Bí aṣọ ìkélé bá ń fẹ́ kan àtùpà, tí ìyá ilé sì so ó sókè kí a tó dìde, ó parí, a kò ní tìtorí ìyẹn padà. Èyí tí wọ́n bá ní ó di ọ̀la ni a ń padà wò.

Àmọ́ ohun tó lè pa ènìyàn lójú oorun, a kì í dá ọ̀la fún un. Bẹntiróòlù nínú yàrá tí ènìyàn ń sùn. Sílíńdà gáàsì tó ń jò. Wáyà tó ti bó, tó ń gbóná lábẹ́ òrùlé bẹẹrẹ. Jẹnẹrétọ̀ tí wọ́n ń tàn nínú ọ̀dẹ̀dẹ̀. Ti jẹnẹrétọ̀ yìí kò tilẹ̀ dúró de iná: afẹ́fẹ́ olóró tó wà nínú èéfín rẹ̀ kò ní òórùn, ó sì lè pa odindi ìdílé kí ilẹ̀ tó mọ́. Bí a bá rí irú èyí, a ó bẹ̀ yín kí ẹ tún un ṣe kí ilẹ̀ tó ṣú, a ó sì padà ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan náà. A kì í finá sórí òrùlé sùn. Ẹni tó bá sì ní òun ti dí gáàsì tó ń jò, a ó fi omi ọṣẹ pa orí rẹ̀ àti ara rọ́bà rẹ̀. Bí ó bá ń hó, ó ṣì ń jò nìyẹn. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má fi ìṣáná dán an wò láé.

Ohun tó ń fẹ́ owó yàtọ̀. A mọ̀ pé wáyà tuntun kì í ṣe owó kékeré, ní àsìkò tí iṣu kò tíì dé ọjà. Baba ilé ni yóò dá ọjọ́ fún wa, a ó sì dé lọ́jọ́ náà. Bí kò bá tíì ṣe é, a kò ní pariwo, a ó béèrè ohun tó dí i lọ́wọ́, ohun tí a kò ṣe ní ìlà kẹta nìyẹn. Ẹyọ kan ni a kò ní dá ọjọ́ fún: wáyà nípọn tí àwọn ọ̀dọ́ wa ń fi dípò fíúsì. Fíúsì ló yẹ kó kọ́kọ́ jó. Bí ẹ bá fi irin líle dípò rẹ̀, wáyà inú òrùlé ni yóò jó.

Eérú ń kọ́? Kò sí ìyá tí kò ní sọ fún wa pé òun kò ní da eérú sí ẹ̀yìn abà iṣu mọ́. Ẹyinná a sì máa wà láàyè lábẹ́ eérú di ọjọ́ kejì, kí atẹ́gùn ọyẹ́ tó wá tú u. Irú àṣà báyìí, a ń padà wò ó láìsọ ọjọ́.

Ilé tí a fi bẹẹrẹ bò àti gbogbo abà iṣu, bí a kò tilẹ̀ rí àléébù kan ní oṣù Bélú, a ó padà síbẹ̀ ní oṣù Ṣẹẹrẹ. Ẹ̀yìn ilé tí ẹ ro dáadáa, ewé gbígbẹ ti bò ó nígbà náà, àwọn tó ń jó ìgbẹ́ sì ti bẹ̀rẹ̀. Pánápaná wà, ẹ lè pe 112. Ṣùgbọ́n ìletò wa jìnnà sí ọ̀nà ọ̀dà. Kí wọ́n tó dé, òrùlé ti wọlẹ̀.

Bí àléébù kan náà bá wà nínú ilé méjì, tí ìyá àgbà tí kò lè rìn tàbí ọmọ ọwọ́ wà nínú ọ̀kan, ibẹ̀ ni a ó kọ́kọ́ padà sí. Bí ẹ bá pe èyí ní ojúsàájú, a gbà.

Ẹ ránṣẹ́ sí wa pẹ̀lú bí nǹkan bá yí padà: bí ẹ ra sítóòfù gáàsì, bí àwọn ará bá ti ilé wá bá yín wa iṣu, tí àpò ọkà bábà wá dí ilẹ̀kùn ẹ̀yìn. Ilé tí a yẹ̀ wò tẹ́lẹ̀ ti di ilé mìíràn nìyẹn.

Ọjọ́ Ajé tó ń bọ̀ ni a ó bẹ̀rẹ̀ láti ìlà kìn-ín-ní, ní ìrọ̀lẹ́ tí ẹ ti ti oko dé. Ẹni tí kò bá ní sí nílé, kó fi kọ́kọ́rọ́ sílẹ̀ lọ́dọ̀ ará ilé kejì. Baba ìlà kẹta ní òun yóò bá wa rìn.