Ohun Tí Fèrè Kọ́ Wa

  

Wọ́n ní kí àwa mẹ́rin tí ẹgbẹ́ rán lọ kọ́ iṣẹ́ rẹfirí bọ́ọ̀lù alájùsáwọ̀n wá sọ ohun tí a rí kọ́.

Gbogbo wa la mọ bó ṣe bẹ̀rẹ̀. Ọ̀sán Sátidé ni àwọn ọmọ Ṣáṣá máa ń gbá basket: ọmọ onílé, ọmọ àlejò, ọmọ àwọn tó ń ta tòmátì àti ata lọ́jà. Eré wọn kì í parí láìsí ìjà, nítorí kò sẹ́ni tó ń darí rẹ̀. Ẹ̀yin náà ò sì gbàgbé oṣù Kejì ọdún 2021, nígbà tí ìjà bẹ́ sílẹ̀ lọ́jà Ṣáṣá, tí ẹ̀mí lọ, tí dúkìá jóná, tí ìjọba ti ọjà pa. Ẹni tó bá ti rí irú ìyẹn rí kò ní máa fi ìjà ọmọdé ṣe ìran wò. Ìdí nìyẹn tí ẹgbẹ́ fi rán wa lọ sọ́dọ̀ rẹfirí àgbà kan nígboro Ìbàdàn.

A rò pé òfin nìkan la máa kọ́. A kọ́ òfin lóòótọ́. Ìpín mẹ́rin ni eré, ìṣẹ́jú mẹ́wàá-mẹ́wàá. Ẹgbẹ́ tó ní bọ́ọ̀lù ní ìṣẹ́jú-àáyá 8 láti gbé e kọjá ìdajì pápá, ó sì ní 24 láti jù ú sáwọ̀n. Ẹni tó bá ṣe fáòlù 5 ti parí eré tirẹ̀ lọ́jọ́ náà. A kọ́ èdè ọwọ́ pẹ̀lú: ìkúùkù tí a nà sókè ni fáòlù; àtẹ́lẹwọ́ tí a là sókè ni àṣìṣe mìíràn, bíi kí èèyàn gbé bọ́ọ̀lù rìn láì ta á mọ́lẹ̀.

Èyí tó le jù ni ibi tí ojú yóò wà. Láti kékeré la ti ń wo bọ́ọ̀lù ẹlẹ́sẹ̀. Ibi tí bọ́ọ̀lù bá lọ ni ojú wa ń bá a lọ. Olùkọ́ wa ní rẹfirí méjì kì í wo ibì kan náà. Ọ̀kan á wà nítòsí ìdí òpó, ìkejì á máa bọ̀ lẹ́yìn. Ọgbọ́n yìí kò ṣẹ̀ṣẹ̀ dé. Nígbà tí James Naismith dá eré yìí sílẹ̀ ní Springfield, ní Amẹ́ríkà, ní oṣù Kejìlá ọdún 1891, òfin 13 ló kọ, onídàájọ́ méjì ló sì yàn: ọ̀kan fún bọ́ọ̀lù, ọ̀kan fún èèyàn. Bọ́ọ̀lù kì í jà. Èèyàn ló ń jà.

Ẹ jẹ́ ká wá sọ èyí tó dùn wá. Ní eré kẹta tí a darí, ó ku ìṣẹ́jú kan, ayò dọ́gba. Ọmọ ọ̀kan nínú ẹgbẹ́ wa gbé bọ́ọ̀lù bọ̀ tagbára-tagbára. Ọmọkùnrin kan tí bàbá rẹ̀ ń ta tòmátì ti dúró níwájú rẹ̀, ẹsẹ̀ méjèèjì nílẹ̀, ọwọ́ lókè. Ọmọ tiwa kọlù ú láyà, àwọn méjèèjì ṣubú. Fèrè dún. Ẹni tó dúró jẹ́ẹ́ la dá lẹ́bi. Fáòlù rẹ̀ karùn-ún nìyẹn. Ó wò wá, kò sọ̀rọ̀, ó jáde. Wọ́n fún ọmọ tiwa ní ìjùsáwọ̀n ọ̀fẹ́ méjì, ó ju méjèèjì wọlé, ẹgbẹ́ rẹ̀ sì borí.

A kò ní dárúkọ ẹni tó fọn fèrè yẹn nínú wa. Gbogbo wa la fọn ọ́n. Olùkọ́ wa bi wá pé, "Ta lẹ kọ́kọ́ rí?" A ní ẹni tó ń gbé bọ́ọ̀lù bọ̀ ni. Ó ní, "Ẹni tó ń dènà lẹ ó kọ́kọ́ wò. Bó bá ti gba ibi tó dúró sí ṣáájú, ẹni tó kọlù ú láyà ló jẹ̀bi." Ṣé ojú wa ló ṣì wá, àbí nítorí pé ọmọ tiwa ni? A rò ó títí, a ò lè búra. Àwọn àgbà ní agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà ni. Ẹni tó wo ẹnìkan ṣoṣo dájọ́, ìkan náà ni.

Èsì eré yẹn kò ṣeé yí padà mọ́. Ṣùgbọ́n ní Sátidé tó tẹ̀lé e, kí a tó ju bọ́ọ̀lù sókè, a pe ẹgbẹ́ méjèèjì, a sì sọ ọ́ lójú gbogbo èèyàn pé a ṣì í. Àyà wa ń já. A rò pé wọn ò ní ka fèrè wa sí mọ́. Ọmọkùnrin yẹn béèrè pé, "Ṣé ẹ̀yin náà lẹ máa fọn fèrè lónìí, sà?" A ní bẹ́ẹ̀ ni. Ó ní, "Ó dáa, ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀." Títí dòní, wọ́n ṣì ń bínú sí fèrè wa nígbà mìíràn, ṣùgbọ́n wọn kì í fi ẹ̀ṣẹ́ yanjú rẹ̀ mọ́.

Nítorí náà, ẹ̀bẹ̀ mẹ́ta la bẹ ẹgbẹ́ wa. Ẹ jẹ́ kó di òfin pé ẹni tí ọmọ rẹ̀ ń gbá lọ́jọ́ náà kò ní mú fèrè. Ẹ̀yin òbí, ẹ má ṣe bú rẹfirí láti ẹ̀gbẹ́ pápá. Ọmọ tó ń gbọ́ yín ni yóò kọ́kọ́ gbé ẹ̀ṣẹ́ sókè. Ẹ sì jẹ́ kí àwọn obìnrin wa náà wá kọ́ iṣẹ́ yìí. Ní Paris lọ́dún 2024, D'Tigress, àwọn obìnrin Nàìjíríà, ni ẹgbẹ́ àkọ́kọ́ láti Áfíríkà, lọ́kùnrin lóbìnrin, tó wọ ìpele ẹgbẹ́ mẹ́jọ tó kù nínú bọ́ọ̀lù alájùsáwọ̀n ní Òlíḿpíìkì. Ó yẹ kí àwọn ọmọbìnrin Ṣáṣá rí ìyá wọn pẹ̀lú fèrè lọ́rùn.

Ọlọ́run yóò jẹ́ kí ẹgbẹ́ wa dàgbà, kó dogbó. Ṣáṣá yóò tòrò, ọjà wa yóò tà.