Ìwà Ọ̀gá Ilé-Ìwé àti Èso Ilé-Ìwé
(Ọ̀rọ̀ tí a sọ níwájú Ìpàdé Ọdọọdún Ẹgbẹ́ Ìlọsíwájú Ìlú Wa)



Gbogbo wa ni a mọ̀ pé àbá kan wà nílẹ̀ pé kí a rán aṣojú lọ bá ìjọba, kí wọ́n gbé ọ̀gá ilé-ìwé girama wa kúrò, nítorí pé àwọn ọmọ wa kò ṣe dáadáa nínú ìdánwò. Kí a tó dìbò lórí rẹ̀, ẹ jẹ́ kí n rán yín létí ọ̀gá méjì kan.

Èkíní ni Àlùfáà I. O. Ransome-Kuti, tí ó jẹ́ ọ̀gá Ìjẹ̀bú-Òde Grammar School títí di 1932, tí ó sì ti ibẹ̀ lọ sí Abẹ́òkúta Grammar School, níbi tí ó wà títí di 1954. Ènìyàn líle ni. Àwọn ọmọ ilé-ìwé bẹ̀rù pàṣán rẹ̀ gidigidi. (Èmi kò wí pé kí a mú pàṣán padà o.) Ṣùgbọ́n ọkùnrin líle yìí kan náà ni ó kó àwọn ọ̀gá ilé-ìwé Ìjẹ̀bú jọ sínú ẹgbẹ́ ní 1926, òun sì ni ààrẹ àkọ́kọ́ fún ẹgbẹ́ àwọn olùkọ́ Nàìjíríà, N.U.T., tí a dá sílẹ̀ ní 1931. Olùkọ́ tí ó bá bá wí lówùúrọ̀ mọ̀ pé òun náà ni yóò gbèjà òun lọ́la.

Èkejì ni Táì Ṣólàrín, ẹni tí ìwà rẹ̀ kò jọ ti àlùfáà rárá. Kò gba ẹ̀sìn kankan gbọ́, ọ̀ràn ẹ̀sìn sì wà lára ohun tí ó mú un fi ipò ọ̀gá sílẹ̀ ní Molusi College, Ìjẹ̀bú-Igbó. Ní oṣù kìíní ọdún 1956, òun àti Sheila aya rẹ̀ dá ilé-ìwé Mayflower sílẹ̀ ní Ìkẹ́nnẹ́. Àwọn ọmọ ibẹ̀ a máa ro oko, wọn a sì máa fi ọwọ́ ara wọn ṣe iṣẹ́ ilé kíkọ́. Ṣòkòtò péńpé ni a mọ ọ̀gá wọn mọ́. Ta ni ọmọ tí yóò wí fún irú ọ̀gá bẹ́ẹ̀ pé iṣẹ́ ọkọ́ rẹ òun sílẹ̀?

Ọ̀kan ń gbàdúrà, èkejì kò gbà, ilé-ìwé àwọn méjèèjì sì lókìkí. Nítorí náà, ẹ̀yin tí ẹ ń wí pé ọmọ ìjọ wa, tàbí ọmọ ìlú wa, ni kí a béèrè fún, èmi kò rí ẹ̀rí yín. Ohun tí mo rí ni pé àwọn méjèèjì dúró ti iṣẹ́, wọ́n sì pẹ́ nídìí rẹ̀: ọdún 22 ní Abẹ́òkúta, ọdún 20 ní Ìkẹ́nnẹ́, títí di 1976. Ìwà ọ̀gá kì í ran ilé-ìwé ní ọdún kan. Ó yẹ kí àwọn ọmọ rí i lọ́jọ́ ayọ̀ àti lọ́jọ́ ìbínú, kí wọ́n tó mọ ohun tí yóò gbà àti èyí tí kò ní gbà.

Àwa ńkọ́? Ọ̀gá mẹ́ta ni ó ti wá tí ó sì ti lọ láàrin ìgbà díẹ̀; lẹ́tà wa ni ó lé méjì nínú wọn. Mo lọ wo èyí tí ó wà níbẹ̀ nísinsìnyí. Ìlú kejì ni ó ti ń wọ ọkọ̀ wá lójoojúmọ́, nítorí pé ìjì ti ṣí òrùlé ilé ọ̀gá tí àwọn bàbá wa kọ́ sínú ọgbà. Kí ó tó dé, ẹ̀kọ́ àkọ́kọ́ ti kọjá. Àwọn olùkọ́ tí wọ́n mọ èyí náà a sì máa pẹ́. Èmi kò wí pé kò ní àléébù. Ó máa ń kanra, kò sì mọ àgbà kí tó. Ṣùgbọ́n a kò tí ì fún un ní ibi tí yóò sùn, a ti ń dá ìwà rẹ̀ lẹ́jọ́.

Alága, mo bẹ̀ pé kí a gbé àbá náà tì fún ọdún mẹ́ta, kí a sì mú nínú owó tí a yà sọ́tọ̀ fún ẹnu-ọ̀nà gbọ̀ngàn ìlú, kí a fi kan òrùlé ilé náà kí òjò tó dé. Ìdì páànù méjì tèmi ti wà nílẹ̀.