Kí Oyún Tó Dé: Ọ̀rọ̀ Lórí Adójútòfò Ìlera

Ní oṣù karùn-ún ọdún 2022 ni Ààrẹ Muhammadu Buhari fi ọwọ́ sí òfin tuntun lórí ètò adójútòfò ìlera. Òfin náà sọ ọ́ di dandan fún gbogbo olùgbé Nàìjíríà láti wà nínú ètò náà. Èyí tí ó ṣíwájú rẹ̀, tí a ṣe ní ọdún 1999 tí iṣẹ́ sì bẹ̀rẹ̀ lórí rẹ̀ ní ọdún 2005, kò fi ipá mú gbogbo ènìyàn. Àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ ni ó kọ́kọ́ jàǹfààní rẹ̀. Púpọ̀ nínú àwọn àgbẹ̀, oníṣòwò, awakọ̀ àti oníṣẹ́ ọwọ́ sì ń fi owó àpò ara wọn gba ìtọ́jú títí di òní.

Kò sí ibi tí èyí ti ń dunni tó yàrá ìbímọ. Àwọn àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé ṣírò pé nǹkan bí 82,000 obìnrin ni oyún tàbí ìbímọ pa ní Nàìjíríà ní ọdún 2020. Kì í ṣe àìlówó nìkan ni ó fà á: ọ̀nà jíjìn wà níbẹ̀, àìtó àgbẹ̀bí sì wà níbẹ̀ pẹ̀lú. Ṣùgbọ́n ọkọ tí a sọ fún ní òru pé iṣẹ́ abẹ ni yóò gba ìyàwó rẹ̀ là, tí ó wá ń ti ilé ọ̀rẹ́ kan bọ́ sí òmíràn láti yá owó, mọ ohun tí wákàtí kan jẹ́.

Àwọn àgbà ní, bí òní ti rí, ọ̀la kì í rí bẹ́ẹ̀, ni ó mú kí babaláwo máa dífá ọrọọrún. Àìsàn a máa dé lójijì, ṣùgbọ́n tọkọtaya tí ó ń fẹ́ ọmọ mọ ohun tí wọ́n ń retí. Nítorí náà, kí oyún tó dé ni ó yẹ kí wọ́n wọ ètò adójútòfò. Ọ̀pọ̀ ilé iṣẹ́ aládàáni ni kì í san owó ìbímọ fún ẹni tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé, àfi lẹ́yìn oṣù mélòó kan, èyí tí ó lè tó ọdún kan. Àwọn mìíràn a máa pe èyí ní ìrẹ́jẹ. Ṣùgbọ́n ta ni yóò gba ẹni tí ó fẹ́ wọ èsúsú ní ọjọ́ tí yóò kó o? Bí gbogbo ènìyàn bá ń dúró kí ikùn yọ kí wọ́n tó dáwó, àpò náà yóò gbẹ.

Ìbéèrè mẹ́rin ni ó yẹ kí tọkọtaya béèrè kí wọ́n tó fi ọwọ́ sí ìwé. Èkínní, oṣù mélòó ni a ó fi dúró? Èkejì, ǹjẹ́ iṣẹ́ abẹ ìbímọ wà nínú rẹ̀, èló sì ni òpin owó tí wọn yóò san? Ẹ̀kẹta, ilé ìwòsàn wo ni, ṣé a lè dé ibẹ̀ ní òru, níbo ni wọ́n sì ń gbé ẹni tí ọ̀ràn rẹ̀ bá le lọ? Ẹ̀kẹrin, nígbà wo ni a gbọ́dọ̀ kọ orúkọ ọmọ tuntun sílẹ̀, kí ìtọ́jú rẹ̀ má baà di gbèsè? Bí a kò bá béèrè nǹkan wọ̀nyí, ìwé tí owó rẹ̀ kéré jù lọ lè di èyí tí yóò náni lówó jù lọ.

Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ ni kò ní owó tí wọn yóò fi yan ìwé kankan. Òfin ọdún 2022 rántí wọn: ó dá àpò owó kan sílẹ̀ fún àwọn aláìní, ó sì ka aboyún àti ọmọ tí kò tíì pé ọdún márùn-ún mọ́ wọn. Gánà, aládùúgbò wa, ti ṣe irú rẹ̀ ṣíwájú. Láti oṣù keje ọdún 2008 ni ìjọba ibẹ̀ ti sọ pé kí aboyún má san owó ìwọlé sínú ètò ìlera orílẹ̀-èdè náà. Ilé iṣẹ́ tí ń wá èrè kò lè ṣe bẹ́ẹ̀. Ìjọba lè ṣe é.

Òfin kò mọ iṣẹ́ àgbẹ̀bí. Ojúṣe tọkọtaya ni láti tètè múra. Ojúṣe ìjọba àpapọ̀ àti ti ìpínlẹ̀ ni láti fi owó sínú àpò tí wọ́n dá sílẹ̀, kí ó sì dé ọ̀dọ̀ obìnrin tí ń rọbí ní abúlé kí ilẹ̀ tó mọ́.