Òwìwí Nínú Ewì Faransé àti Nínú Gẹ̀ẹ́sì

Nígbà tí ìgbìmọ̀ ní kí n wá sọ̀rọ̀ lórí èdè Faransé tí mo fi ọ̀pọ̀ ọdún kọ́ ọmọ níbí ní Kàdúná, àwọn kan fi mí ṣẹ̀fẹ̀, wọ́n ní kí ló kàn wá nínú ewì òyìnbó. Ẹ fún mi ní ìṣẹ́jú díẹ̀.

Akéwì tí mo mú wá ni Philippe Jaccottet. Ilẹ̀ Switzerland ni wọ́n ti bí i ní 1925, ṣùgbọ́n ní 1953 ó kó lọ sí Grignan, ìlú kékeré kan ní gúúsù ilẹ̀ Faransé. Ibẹ̀ ló wà títí ó fi kú ní 2021. Òkè, ọgbà eléso, omi tó ń ṣàn, ẹyẹ: ohun tó bá rí níbi tó ti ń rìn kiri ló fi ń kéwì. Kì í pariwo. Bó bá fi nǹkan wé nǹkan tán, ó lè yí padà kó ní òun kò tíì sọ ọ́ ire.

Ìwé ewì rẹ̀ tó jáde ní 1953 ń jẹ́ L'Effraie. Òwìwí ni, irú èyí tí ojú rẹ̀ funfun, tó wà nílẹ̀ wa náà. Ibí gan-an lọ̀rọ̀ wà. Ẹni tó gbọ́ Faransé yóò gbọ́ ìró "effrayer" nínú orúkọ yìí, èyí tó túmọ̀ sí kí a dẹ́rù ba ènìyàn. Akéwì kò tíì sọ nǹkan kan, ẹ̀rù ti wọlé. Kí ni Gẹ̀ẹ́sì ń pe ẹyẹ kan náà? Barn owl, òwìwí inú àká. Ibùgbé rẹ̀ ni wọ́n fi pè é! Kò sí irọ́ níbẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ̀rù ti sá lọ.

Ó ṣẹlẹ̀ sí mi ní kíláàsì. Mo fi Gẹ̀ẹ́sì ṣàlàyé títí, àwọn ọmọ kàn ń wò mí ni. Nígbà tí mo ní "òwìwí ni", àwọn ọmọ Yorùbá pariwo. Ọ̀kan ní ìyá àgbà òun kì í jẹ́ kí wọ́n dárúkọ rẹ̀ lálẹ́. Àwọn ọmọ Haúsá béèrè ohun tó dé. Bí wọ́n ti gbọ́ pé mujiya ni, àwọn náà lanu.

Ṣé kí wọ́n má túmọ̀ rẹ̀ sí Gẹ̀ẹ́sì ni? Rárá o. Derek Mahon, akéwì ọmọ Belfast, túmọ̀ àṣàyàn ewì Jaccottet ní ìparí àwọn ọdún 1980. Kì í to ọ̀rọ̀ tẹ̀lé ọ̀rọ̀. Ó fẹ́ kó dún bí ewì létí ọmọ Gẹ̀ẹ́sì. Mo gbè é lẹ́yìn. Olùtumọ̀ tí orúkọ ẹyẹ bá já mọ́ lọ́wọ́ ní láti wá ẹ̀rù náà síbòmíràn, bóyá nínú ìró ìlà tó tẹ̀ lé e.

Jaccottet fúnra rẹ̀ ń túmọ̀. Òun ló túmọ̀ Odyssey ti Homer sí Faransé. Ní nǹkan bí 1960, àwọn ewì kúkúrú ilẹ̀ Japan tí wọ́n ń pè ní haiku wọ̀ ọ́ lọ́kàn, ipa wọn sì hàn nínú Airs tó tẹ̀ jáde ní 1967. Kò gbọ́ èdè Japan. Ìtumọ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí R. H. Blyth ṣe ló kà.

Ìwé Mahon wà nínú àpò mi níbí. Ẹni tó bá fẹ́ wò ó, kó bá mi lẹ́yìn ìpàdé.